Ọ̀ràn Ṣílè Kan: Àwọn Obìnrin Tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì Kó Sọdá Òkun

Ní Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, nítòsí Mile 12, ọjà ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin. Ẹlòmíràn ń ta ata, ẹlòmíràn ń ta àlùbọ́sà, ẹlòmíràn sì ń ṣa tòmátò tí ó já bọ́ nígbà tí wọ́n ń já ẹrù tírélà tí ó ti òkè Ọya dé, kí ó lè rí owó oúnjẹ alẹ́. Bí ọwọ́ bá tẹ ọ̀kan nínú wọn pé ó gbé apẹ̀rẹ̀ ata oníata, ariwo yóò sọ, ojú yóò tì í, wọ́n sì lè fà á dé iwájú ìyálọ́jà tàbí kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tilẹ̀ dé ilé ẹjọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni ìwé òfin ọ̀daràn tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe òpin ìyà fún olè jíjà lásán. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó lónìí, òfin gba adájọ́ láyè láti ní kí ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n. Kò sí ẹni tí yóò ronú pé nítorí apẹ̀rẹ̀ ata kan, kí a gbé ìyá ọlọ́mọ sínú ọkọ̀ ojú omi, kí a wà á fún oṣù mọ́kànlá, kí a sì jù ú sí ilẹ̀ tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún àwọn obìnrin tirẹ̀ fún ohun tí ó lé ní 130 ọdún. Láti 1718 títí di 1853 ni ọkọ̀ fi ń kó àwọn obìnrin tí ó jí aṣọ, bọ́tà, ṣíbí tàbí léèsì kúrò ní ìlú wọn lọ sí òkè òkun. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé díẹ̀ yóò ti gbọ́ nípa Ọsirélíà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tí ó ṣókùnkùn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé kí ìjọba náà tó yan Ọsirélíà, etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín ni ó kọ́kọ́ fẹ́ sọ di ààtàn tí yóò máa da àwọn olè rẹ̀ sí, ó sì da díẹ̀ sí i ní tòótọ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo bí òfin ṣe rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ṣílè kan ni ààlà. Bí ohun tí a jí kò bá tó ṣílè kan, olè kékeré ni. Bí ó bá tó ṣílè kan, olè ńlá ni. Bí ó bá jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù ni ẹnì kan ti yọ́ mú ohun tí ó tó ṣílè márùn-ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, ikú ni. Bí ó bá jẹ́ inú ilé gbígbé ni, tí ohun náà sì tó 40 ṣílè, ikú náà ni. Àwọn ará ìlú méjìlá tí wọ́n máa ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ pẹ̀lú adájọ́ a máa ṣàánú nígbà mìíràn. Ẹrù tí ó tó pọ́n-ún mẹ́ta lè wà níwájú wọn kí wọ́n ní 39 ṣílè ni àwọn kà á sí, kí okùn má baà kan ọrùn ọmọlọ́mọ. Gbogbo ilé ẹjọ́ ni ó mọ̀ pé irọ́ ni. Adájọ́ pàápàá a gbójú kúrò níbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá yọ ọrùn rẹ̀ nínú okùn báyìí, òkun ni ó kù fún un. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1718 fún àwọn adájọ́ ní agbára láti rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà fún ọdún méje. Ẹni tí ọba bá dárí ikú jì, ọdún 14. Oníṣòwò ni ó máa ń kó wọn, òun ni ó sì máa ń ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn fún àwọn àgbẹ̀ ní Virginia àti Maryland títí ọdún tí wọ́n dá fún wọn yóò fi pé. Àwọn tí wọ́n kó lọ bẹ́ẹ̀ kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó nǹkan bí 50,000, tọkùnrin tobìnrin. Ọ̀rọ̀ náà wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Daniel Defoe fi kọ ìtàn àròsọ kan lé e lórí ní 1722, Moll Flanders, ìtàn obìnrin olè tí wọ́n rán lọ sí Virginia.

Ta ni àwọn obìnrin wọ̀nyí? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn jẹ́ aránṣọ, alágbàfọ̀, tàbí akiri-ọjà. Aṣọ ni wọ́n sì sábà máa ń jí, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. Ní ayé ìgbà náà, aṣọ wọ́n gógó, ó ṣeé tà ní ọjọ́ tí a jí i, ó sì ṣeé fi dógò lọ́dọ̀ ayánilówó ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù láìsí ìbéèrè púpọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ lé jáde láìsan owó oṣù mọ ibi tí àpótí aṣọ wà. Ojoojúmọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun; àmọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin yìí, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni ọjọ́ olóhun.

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ìjà ko ọba Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn ibẹ̀ tì. Àwọn adájọ́ kò dẹ́kun àtimáa ránni lọ sí òkè òkun, ṣùgbọ́n òkè òkun kò sí mọ́. Ní 1776, ìjọba ṣe òfin tí ó gbà kí wọ́n há àwọn ọkùnrin mọ́ inú àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ etí odò Thames, kí wọ́n máa wa iyanrìn. Wọn kò kó obìnrin lọ síbẹ̀. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate àti àwọn ẹ̀wọ̀n ìgbèríko ni àwọn obìnrin kúnlẹ̀ sí, wọ́n ń bímọ síbẹ̀, ibà sì ń pa wọ́n níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí àwọn ìjòyè ìjọba fi na ìka sí Áfíríkà.

Odi Cape Coast, ní ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Gánà lónìí, ni olú ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun wa. Nínú àjà ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń há àwọn ẹrú mọ́ kí ọkọ̀ tó wá kó wọn. Sí ibí yìí gan-an ni wọ́n kó àwọn olè Lọ́ńdọ̀nù wá. Bí a bá fojú inú wo ó, ó ṣòro kí ènìyàn má mi orí: ẹnu ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń gbà kó ọmọ adúláwọ̀ jáde ni wọ́n ń gbà kó aláwọ̀ funfun tí ó jí aṣọ wọlé.

Àwọn ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ dé. Nǹkan bí 350 ọ̀daràn ni wọ́n fi ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì tí ó gúnlẹ̀ ní 1782 láti bá àwọn Dutch jà ní etíkun náà. Ọ̀gá wọn kan, Kenneth Mackenzie, di ọmọ ogun tirẹ̀ kan mọ́ ẹnu àgbá, ó sì yìn ín. Ní 1784, ilé ẹjọ́ Old Bailey dá a lẹ́bi ìpànìyàn, ọba sì dárí jì í lẹ́yìn náà. Bí ọ̀gá bá ń ṣe ọmọ ogun báyìí, a lè mọ ohun tí ó lè dé bá ẹni tí kò ní ìbọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun, wọ́n tún ń fi ọkọ̀ oníṣòwò kó àwọn ọ̀daràn mìíràn wá, obìnrin sì wà lára wọn, bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀ tó ọkùnrin. Nínú ìwé ẹjọ́ Old Bailey ti àwọn ọdún wọ̀nyẹn, orúkọ Áfíríkà wà nínú ìdájọ́ gbangba gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ń rán arúfin lọ. Ohun tí kò sí ni ètò kankan fún wọn bí wọ́n bá gúnlẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kò fẹ́ wọn. Iṣẹ́ inú odi, ẹrú odi ni ó ń ṣe é, kò sì sí oúnjẹ tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹnu àlejò. Richard Miles, tí ó jẹ́ gómìnà odi náà, kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù láti fi ẹ̀hónú hàn pé ńṣe ni wọ́n ń já àwọn ènìyàn náà sílẹ̀ sórí iyanrìn etíkun bí ẹran, ní ìhòòhò, pẹ̀lú àìsàn lára, kí olúkúlùkù wá bí yóò ti ṣe é. Obìnrin tí ó mọ bí a ti ń gba aṣọ fọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ ibi tí omi mímu wà ní Cape Coast. Kò gbọ́ èdè Fante, kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ibà ilẹ̀ wa kò sì mọ̀ ọ́n rí.

Ṣé ìjọba kò mọ̀ ni? Ó mọ̀. Etíkun yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń pè ní isà òkú aláwọ̀ funfun nígbà tí ó yá, wọ́n sì ti ń sin òṣìṣẹ́ àti ọmọ ogun síbẹ̀ fún 100 ọdún kí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀daràn tó délẹ̀. Ìṣirò kan tí wọ́n ń lò nínú àríyànjiyàn ìgbà náà sọ pé nínú 746 ọ̀daràn tí wọ́n kó lọ sí Áfíríkà, 334 kú, 271 sá lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí àwọn 141 yòókù wọ̀. Ẹni tí adájọ́ ti ní kí ó má kú, ìjọba tún rọra rán an lọ sí ibi tí yóò ti kú láìsí ariwo. Èyí ni ó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Okùn a máa pani ní gbangba, àwọn ènìyàn a sì máa sọ̀rọ̀. Ibà etíkun kò ní ẹlẹ́rìí.

Ní 1785, àwọn kan mú àbá tuntun wá: kí wọ́n kó àwọn ọ̀daràn lọ sí erékùṣù kan tí ń jẹ́ Lemain, ní àárín odò Gámbíà, ní ọ̀nà jíjìn sí ẹnu òkun. Wọn yóò jù wọ́n síbẹ̀ láìsí gómìnà, láìsí ọmọ ogun, kí wọ́n máa ṣe ìjọba ara wọn. Ọkọ̀ ogun kan yóò sì dúró sí ẹnu odò kí ẹnikẹ́ni má baà sá jáde. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn ọba àti ìjòyè etí odò náà bóyá wọ́n fẹ́ irú àlejò bẹ́ẹ̀. Edmund Burke dìde nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì ta ko àbá náà. Ó ní ìdájọ́ ikú ni wọ́n ń pè ní àánú yìí, nítorí pé ẹni tí ó bá dé Gámbíà, ikú ni ó lọ bá. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Lord Beauchamp láti gbọ́ ẹ̀rí. Àwọn oníṣègùn àti oníṣòwò tí wọ́n ti gbé etíkun wa rí wá sọ ohun tí ojú wọn rí, àbá Lemain sì kú síbẹ̀. Wọ́n tún rán ọkọ̀ Nautilus lọ wo etíkun gúúsù Áfíríkà, ní apá ibi tí ń jẹ́ Namibia lónìí. Ó padà wá ní 1786 pé aṣálẹ̀ ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìjọba yan Botany Bay ní Ọsirélíà. Ní kúkúrú, nítorí pé Áfíríkà kò ṣe é ni Ọsirélíà ti òyìnbó fi bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a fi ojú sí ohun kan nínú ètò tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Botany Bay. Ọkùnrin ni yóò pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ìjòyè nípa ohun tí ọkùnrin ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ yóò máa ṣe láìsí aya. Nítorí náà wọ́n kọ ọ́ sínú ètò náà pé wọ́n lè lọ kó obìnrin wá láti àwọn erékùṣù tí ó wà nítòsí. Arthur Phillip, gómìnà àkọ́kọ́, kò ṣe é. Ó rí i pé ìyà ni wọn yóò máa kó àwọn obìnrin náà wá jẹ. Àmọ́ èrò náà kò kú. Láti ọjọ́ náà lọ, obìnrin tí ó dúró níwájú adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ti di ohun èlò tí ilẹ̀ tuntun nílò. Bóṣẹ́ bá ṣe ń béèrè ni ọwọ́ òfin ń na sí.

Ọkọ̀ 11 ni ó gbéra ní Portsmouth ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, 1787. Obìnrin bí 190 wà lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n inú wọn. Elizabeth Powley jẹ́ ọ̀kan. Ọmọ ọdún 22 ni, ará Norfolk, tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Ó wọ ilé ìdáná kan, ó mú ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ìyẹ̀fun, èso àjàrà gbígbẹ àti bọ́tà tí owó rẹ̀ kò ju ṣílè mélòó kan. Oúnjẹ ni. Ikú ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, kí wọ́n tó yí i sí òkun. Esther Abrahams, ọ̀dọ́mọbìnrin Júù kan, jí léèsì dúdú ọ̀pá 24 ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú ẹ̀wọ̀n Newgate ni ó ti bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì gbé ìkókó náà wọ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá mọ iye tí àwọn obìnrin wa ń ná sórí léèsì nítorí òde ọjọ́ kan ṣoṣo kò ní ṣàì rí ojú ọ̀rọ̀ náà.

Ní 1789, ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ ní Old Bailey tí ó ya àwọn adájọ́ lẹ́nu. Ara Ọba George Kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ yá, nítorí náà wọ́n kó àwọn obìnrin tí ikú wà lórí wọn jáde láti Newgate, wọ́n ní ọba ti ṣàánú wọn, wọn kò ní kú mọ́, Ọsirélíà ni wọn yóò lọ. Àwọn kan nínú wọn kọ̀. Sarah Cowden sọ níwájú gbogbo ilé ẹjọ́ pé òun yóò kú lábẹ́ òfin ìlú òun kí òun tó lọ lo ayé òun ní ilẹ̀ àjèjì. Adájọ́ halẹ̀, ó ní wọn yóò so wọ́n rọ̀ kíákíá. Wọn kò yí ohùn padà ní ọjọ́ yẹn. Ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà kí Cowden tó gbà. Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín, àmọ́ ohun tí ó ba àwọn obìnrin wọ̀nyí lẹ́rù ju ẹ̀sín lọ. Ìyá, ọmọ, ìlú, èdè, sàréè àwọn òbí: gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún méje ni ìwé sọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó ọkọ̀ àbọ̀? Ọkùnrin lè gba iṣẹ́ nínú ọkọ̀ kí ó fi òógùn wọ ọkọ̀ padà. Wọn kì í gba obìnrin síṣẹ́ atukọ̀.

Mary Wade wà lára àwọn tí wọ́n yí ìdájọ́ wọn padà ní ọdún náà. Kò tíì pé ọmọ ọdún 14. Alágbe ni ní ojú títì Lọ́ńdọ̀nù. Òun àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni wọ́n bọ́ aṣọ lára ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan, wọ́n sì lọ fi í dógò. Ìwà burúkú ni, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ikú ni adájọ́ dá fún ọmọ náà ní oṣù kìíní, 1789.

Ọkọ̀ Lady Juliana ni wọ́n kó o sí pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù, gbogbo wọn jẹ́ 226. Obìnrin nìkan ni ẹlẹ́wọ̀n inú ọkọ̀ náà. Ó gbéra ní oṣù keje, 1789, ó yà ní Tenerife, ó yà ní àwọn erékùṣù Cape Verde tí kò jìnnà sí Dakar, ó sọdá lọ sí Rio de Janeiro, ó yà ní Cape Town, kí ó tó wọ Sydney ní oṣù kẹfà, 1790. Àwọn atukọ̀ mú obìnrin níkọ̀ọ̀kan ṣe aya inú ọkọ̀, wọ́n sì bímọ sójú omi. John Nicol, ará Scotland tí ó jẹ́ olùtọ́jú oúnjẹ níbẹ̀, mú Sarah Whitelam, ọmọbìnrin kan láti Lincoln. Ó bí ọmọkùnrin fún un kí wọ́n tó dé. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ padà, Nicol fẹ́ dúró tì í, ọ̀gá ọkọ̀ kò gbà. Ó ṣèlérí pé òun yóò padà wá mú un. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń wá ọ̀nà àtipadà, kò rí i mọ́ láéláé. Ìwé ìgbéyàwó fi hàn pé ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ náà lọ ni Sarah fẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti bú u nítorí èyí. Kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò: obìnrin kan, ìkókó lápá, ní ibùdó tí oúnjẹ ti ń tán, tí ọkùnrin sì pọ̀ jù obìnrin lọ fíìfíì. Kí ni kí ó dúró dè?

Lẹ́yìn ọkọ̀ náà ni mẹ́ta mìíràn dé, Neptune, Surprize àti Scarborough. Ilé iṣẹ́ Camden, Calvert àti King ni ó gba iṣẹ́ náà, àwọn tí wọ́n ti ń ṣòwò ẹrú ní etíkun wa. Nínú nǹkan bí 1,000 ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n kó, ó lé ní 250 tí ó kú kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Orí iye ènìyàn tí ó wọ ọkọ̀ ni ìjọba ti ń san owó, kò wo iye tí ó bọ́ sílẹ̀ láàyè. Ọ̀gágun William Hill, tí ó bá wọn rìn, kọ̀wé pé òwò ẹrú sàn ju ohun tí ojú òun rí lọ, nítorí pé ẹni tí ó kó ẹrú ní èrè nínú kí ẹrú má kú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kó ẹlẹ́wọ̀n ń jèrè lórí oúnjẹ tí òkú kò jẹ.

Ọ̀rọ̀ Hill ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní àwọn ọdún kan náà yẹn, nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún wà lórí ìtẹ́ Ọ̀yọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ ń gbé àwọn obìnrin tiwa lọ láti Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó. Wọn kò jí bọ́tà ẹnikẹ́ni. Púpọ̀ nínú wọn, ogun tàbí gbọ́mọgbọ́mọ ni ó kó wọn. Síbẹ̀, àwọn kan wà tí ẹjọ́ gbé dé etí òkun: nígbà tí Sigismund Koelle ń kó ọ̀rọ̀ jọ ní Freetown fún ìwé èdè Áfíríkà tí ó tẹ̀ jáde ní 1854, àwọn kan nínú àwọn tí ó bi léèrè sọ pé ìdájọ́ ìlú wọn ni ó sọ àwọn di títà. Àwa náà mọ̀ bí a ti ń sọ ẹlẹ́ṣẹ̀ di ẹrù ọkọ̀. Àmọ́ ìyàtọ̀ tóbi. Ọdún Sarah Whitelam ní òpin, ó lè fẹ́ ọkọ, ọmọ tí ó bá bí jẹ́ ọmọ onílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Obìnrin Yorùbá tí wọ́n tà sí Bahia tàbí Cuba, ẹrú ni, ọmọ inú rẹ̀ náà sì di ẹrú. Bí àwọn kan ṣe máa ń pa ìtàn méjèèjì pọ̀ láti fi ṣe àwàdà tàbí àwáwí kò bójú mu.

Ní Ọsirélíà, ọwọ́ ìjọba kò kúrò lára obìnrin. Ẹni tí kò bá rí ọ̀gá tí yóò gbà á síṣẹ́ ilé, tàbí tí ọ̀gá rẹ̀ fún lóyún tí ó sì lé e, ilé iṣẹ́ àwọn obìnrin ní Parramatta ni wọn yóò kó o lọ. Ẹ̀wọ̀n ni, ilé ìhunṣọ ni, ilé ìgbẹ̀bí ni, ilé ìyàwó sì ni pẹ̀lú. Ọkùnrin tí ó bá ń wá aya a gba ìwé àṣẹ, a wá síbẹ̀, wọn a to àwọn obìnrin sí ìlà, òun a sì yan èyí tí ó wù ú, bí obìnrin náà bá gbà. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ nínú ilé náà, wọn a gé irun orí rẹ̀ kodoro. Wọ́n sábà máa ń pe àwọn obìnrin yìí ní aṣẹ́wó inú ìwé ìjọba, ẹ̀sùn tí ilé ẹjọ́ kankan kò kà sí wọn lẹ́sẹ̀ rí. Ní oṣù kẹwàá 1827, nígbà tí wọ́n dín búrẹ́dì àti ṣúgà wọn kù, àwọn obìnrin Parramatta fọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n tú jáde sí ìgboro, wọ́n kó búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ogun ni ó sì dá wọn padà. Ẹni tí ó mọ ohun tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1940 nítorí owó orí mọ irú ìbínú bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yọrí. Ọ̀gágun George Johnston ni ó mú Esther Abrahams onílẹ́ẹ̀sì. Ní 1808, nígbà tí àwọn ọmọ ogun dojú ìjọba gómìnà bolẹ̀, Johnston jókòó sórí àga fún oṣù mélòó kan, obìnrin tí ó wá láti Newgate sì di ìyá ààfin. Mary Wade kú ní 1859, lẹ́yìn tí ó ti bí ọmọ 21. Kevin Rudd tí ó di olórí ìjọba Ọsirélíà ní 2007 wà lára àtìrandíran rẹ̀. Irú ìtàn báyìí ni Ọsirélíà òde òní fẹ́ràn láti máa sọ, lẹ́yìn tí àwọn ẹbí ti fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ bí àṣírí ẹ̀tẹ̀ fún ìran mẹ́ta. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yè ni ó ń bímọ tí yóò sọ ìtàn, àwọn tí ó kú sí etíkun Cape Coast kò ní àtìrandíran tí yóò tọ́ka sí wọn.

Nǹkan bí 25,000 obìnrin ni wọ́n kó lọ sí Ọsirélíà kí ó tó dópin ní 1853. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, Rajah, gbéra ní 1841 pẹ̀lú 180 obìnrin. Àwọn obìnrin onínúure tí Elizabeth Fry kó jọ ní Lọ́ńdọ̀nù ti fún wọn ní abẹ́rẹ́, òwú àti àjákù aṣọ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ojú omi ni wọ́n ti jókòó, tí wọ́n sì rán 2,815 àjákù pọ̀ di aṣọ ìbora ńlá kan. Nígbà tí wọ́n dé Hobart, wọ́n gbé e fún ìyàwó gómìnà. Ó sọnù lẹ́yìn ìyẹn títí di àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n rí i nínú ilé kan ní Scotland. Canberra ni ó wà báyìí, ní ilé ìṣọnà ìjọba. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń gbé e jáde fún ènìyàn láti wò, nítorí pé aṣọ náà ti gbó.